Àwòrán tí Limpho Yà ní Ha Nthako

Ọmọ ewúrẹ́ ni Limpho kọ́kọ́ rí, orí funfun kékeré tó yọ jáde láàárín bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa, kí ó tó rí ọkùnrin tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì náà bora lórí ẹṣin. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí àpáta, ó na fóònù sókè, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Àǹtí, ṣé Ọlọ́run ò tíì gbé ìpè yín ni?"

"Ó gbé e. Ó ní kí n béèrè bóyá ìyá ewúrẹ́ yẹn ti kú ni, tẹ́ ẹ fi sọ ara yín di abiyamọ."

"Àná ló kú," ni ọkùnrin náà fèsì jẹ́jẹ́.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Limpho. Ìyá tirẹ̀ kò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀.

Motlatsi ni orúkọ ọkùnrin náà. Irun ewúrẹ́ rẹ̀ ni àwọn obìnrin abúlé Ha Nthako fi ń hun aṣọ ara ògiri. Nítorí àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ni yunifásítì ìlú Roma ní Lesotho ṣe rán Limpho wá fún oṣù mẹ́ta ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó ṣí ojúlé fún ẹgbẹ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ará ọ̀nà jíjìn lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn rà.

Ara Limpho kì í balẹ̀. Á jẹun dé ìdajì, á dìde. Á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á tún jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, Motlatsi a máa bá a gun òkè lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

"O ń sáré jù. Ta ló ń lé ẹ?"

"Mi ò mọ̀. Tí mo bá dúró, ó máa bá mi."

"Jẹ́ kó bá àwa méjèèjì pọ̀ nígbà náà."

Láti ọjọ́ náà ni Limpho ti ń retí ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń retí lẹ́tà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, M'e Puleng, olórí àwọn obìnrin náà, parí aṣọ ńlá kan. Limpho so etí kan rẹ̀ mọ́ òpó, Motlatsi di èkejì mú, Limpho sì ya àwòrán rẹ̀, òkè lẹ́yìn, oòrùn níwájú. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, ìyìn ti ń wọlé láti Cape Town. Àwọn obìnrin jó.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ abúlé wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà ní Johannesburg pè sílé pé òun rí ohun èèwọ̀ nínú àwòrán náà. Lẹ́yìn aṣọ náà, ní ìhà òkè, tó kéré bí èékánná, ni ilé koríko wà tí wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin sí láti sọ wọ́n di ọkùnrin. Obìnrin kì í wo ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ Maseru, olú-ìlú, ni Limpho, ilé ìwé ìjọ ló sì lọ. Ó rò pé ilé darandaran ni.

Ntate Khoabane, bàbá Motlatsi, wà lára àwọn àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà.

"Kó máa lọ lọ́la," ó wí. "Àti ìwọ Motlatsi, mo mọ ibi tí ìrọ̀lẹ́ ẹ ń lọ. Ẹni tó tú àṣírí wa síta ò ní dáná nínú ilé mi láéláé."

Limpho sáré gun òkè, ó yọ àwòrán náà kúrò. Ó kọ̀wé sí ẹni mẹ́tàdínlógójì tó ti pín in kiri, ó bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pa á rẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì.

Ní òwúrọ̀, wọ́n pè é sí ààfin baálẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ yín. Mi ò mọ̀, àmọ́ ó yẹ kí n béèrè."

"Ṣé kò sí ọmọ wa kankan ńbẹ̀ tó lè sọ fún ẹ ni?" Ntate Khoabane béèrè.

Limpho wo ilẹ̀.

"Mo wà ńbẹ̀, Bàbá." Motlatsi ti dìde. "Èmi ni mo di etí aṣọ yẹn mú."

"Ìwọ tó o gbé inú ilé yẹn rí? O ò wẹ̀yìn ni?"

"Mi ò wẹ̀yìn, Bàbá. Ojú ẹ̀ ni mò ń wò."

M'e Puleng fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹnu. Bàbá arúgbó kan húkọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Baálẹ̀ ní kí Motlatsi fi àgùntàn kan tọrọ ìdáríjì. Ntate Khoabane mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ, àfi bí ó ṣe dúró níwájú Limpho.

"Kí ló dé tó ò dárúkọ ẹ̀?"

"Ẹ̀ bá lé òun náà, Bàbá."

Bàbá náà wò ó títí.

"Bàbá tìẹ ńkọ́, ṣé yóò wà nílé ní Sátidé?"

"Á wà ńlé, Bàbá."

"Sọ fún un pé àwa àgbà méjì ń bọ̀ wá tọrọ igbá omi kan."

Ó kọjá lọ. Ní Lesotho, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé òǹgbẹ kọ́ ló ń gbé àgbà láti orí òkè dé Maseru. Igbá omi ni àwọn òbí ọkọ ń tọrọ. Wọn kì í dárúkọ ìyàwó.

Motlatsi wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú eruku.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé omi máa wà ńlé yín?"

Limpho nu ojú.

"Màá ti pọn ọ́n sílẹ̀."