Ibi Tí Ètò Kàsímù Wà

Mo fi ojú ara mi rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Apá tó kù, ẹnu àwọn tó ṣojú wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Mo bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Mi ò bu iyọ̀ sí i.

Ní oṣù Keje ọdún 1987, Kàsímù Odùbánjọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Badore, ó ń lọ sí Ìkòròdú. Ọkọ̀ náà kò débẹ̀. Wọ́n rí àjẹ̀. Wọn ò rí òkú.

Mùínàt ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní ilé Jakande ní Ìlàsàn, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé aya ni òun, tàbí opó? Ààfáà ti sọ fún un pé láìsí òkú, láìsí ẹni tó rí i nígbà tó ń kú, kò lè ṣe opó. Ọdún mẹ́rin ni yóò fi retí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Mùínàt.

"Bó bá ti kú, kí wọ́n jẹ́ n sunkún," ló sọ fún mi.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Kàsímù ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù ní Ajah. Ó kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà, tó ń tọ́jú orúkọ àwọn ọkọ̀ wọn. Ibi tí ètò náà wà nínú ẹ̀rọ ni orúkọ àwọn ọkọ̀ wà pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ètò náà tó lè ṣe ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Lórí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà ní ẹ̀ka wọn ní Ìkòròdú, èyí kò ṣòro. Ẹ̀rọ ni í sọ fún un. Èyí ńlá tí wọ́n rà sí Ajah kì í sọ. Ètò náà á máa wá ara rẹ̀ láti àyè dé àyè. Kàsímù ń tún ìyẹn ṣe lọ́wọ́ nígbà tó sọnù. Ó ti mú kí ètò náà máa tẹ ibi tó wà sórí bébà nígbàkigbà tó bá bọ́ sí àyè mìíràn, kí òun lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣìnà.

Lọ́jọ́ kọkànlá lẹ́yìn tó sọnù, ọ̀gá wọn ní kí Ràṣídì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pa ètò Kàsímù rẹ́. Ẹlòmíràn ń gbé ètò tirẹ̀ bọ̀. Ràṣídì tan ètò náà láàárọ̀, ó da orúkọ àwọn ọkọ̀ kọ, ó sì pa á rẹ́. Ó gbàgbé láti kọ́kọ́ dá a dúró.

Lórí ẹ̀rọ ńlá yẹn, bí o bá pa ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ́, kì í kú. Á máa ṣiṣẹ́ lọ títí wọn yóò fi pa ẹ̀rọ.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni Ràṣídì sọ fún mi, "àmọ́ kò sí níbì kankan mọ́."

Ní aago mẹ́wàá, bébà jáde. Ọ̀sà ni ètò náà ní òun wà. Ràṣídì wá inú ẹ̀rọ. Kò sí àyè kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di mọ́kànlá, ó kọ Badore. Ràṣídì rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ti fi àwàdà pamọ́ síbẹ̀. Ní méjìlá, ó kọ Lángbásà, tó wà lójú ọ̀nà láti Badore sí Ajah. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rán Sùlè, awakọ̀ wọn, pé kó lọ gbé Mùínàt wá. Mùínàt ní òun ò lè dá lọ. Mo tẹ̀ lé e.

Òjò ń rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn ní Ajah. Mùínàt to àwọn bébà náà sórí tábìlì, ó fi ìka tọ̀ wọ́n, bí ẹni tó ń tọ ọ̀nà.

"Ó ń bọ̀ nílé," ló wí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké ṣẹ́rẹ́rẹ́. Ajah.

Gbogbo wa wo ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Mùínàt jáde sínú òjò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Títì dá páropáro.

"Àǹtí, ẹ wọlé," ni Sùlè wí. "Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Badore, á kọ́kọ́ bèèrè omi." Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín.

A jókòó tì í títí aago fi ń lọ sí mẹ́ta. Bébà tún jáde. Ìlàsàn. Mùínàt ní ká máa lọ. Ràṣídì ní dísù jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán, àwọn tí wọ́n rán lọ rà á kò tíì dé, bí iná bá sì lọ, kò sí ibi tí wọ́n ti lè tún ètò náà pè. Sùlè ti ṣíná ọkọ̀ nígbà tí Ràṣídì sáré jáde pẹ̀lú bébà mìíràn. Ìlàsàn, búlọ́ọ̀kù kẹrìnlá, fúláàtì kẹfà.

Ilẹ̀kùn wọn nìyẹn.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà láti inú. Mùínàt kànkùn títí. Ìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú wò ó láti ojú fèrèsé ló tó ṣí i. Ọwọ́ ìyá náà wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ta ló wá síbí?"

"Ẹnìkan kànkùn. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Màámi, Màámi, Màámi." Ó mí. "Ohùn rẹ̀ ni."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo wo fèrèsé, mi ò rí èèyàn. Ta ní í dáhùn ìpè tí kò rí ẹni tó pè é? Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bí mo ṣe kọ́ òun náà nìyẹn." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Lẹ́yìn náà, ó ní ṣé ibí nilé òun. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀."

Kó tó di pé a padà sí Ajah, dísù ti tán. Ẹ̀rọ ti kú. Ràṣídì dúró nínú òkùnkùn.

Ààfáà gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní bébà kì í ṣe òkú, ohùn kì í sì í ṣe èèyàn. Ọdún mẹ́rin náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mùínàt ń kà á.

Mo kó kúrò ní Ìlàsàn lọ́dún kejì. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn wọn mọ́ nígbà náà. Ìyá Kàsímù máa ń jókòó sẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀. Bí ọmọdé kan bá pe ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀, òun ni í kọ́kọ́ dáhùn.