Ohùn Ìyá Aránṣọ

Ìgbà kẹta tí Elétí-Ehoro máa tẹ orin náà nìyẹn, ohun tó ń gbọ́ kò sì yí padà. Ohùn Ìyá Aránṣọ ń dún bí ẹni tó ń kọrin láti inú páànù. Elétí-Ehoro yọ ẹ̀rọ tó fi bo etí, ó nù ún, ó tún fi í bo etí. Páànù náà ni.

Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ di situdíò. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bo ògiri, ó fi fóòmù dí ojú fèrèsé, ó gbé máìkì kan ṣoṣo sáàárín. Ẹ̀gbọ́n yìí ló sọ ọ́ ní Elétí-Ehoro, nítorí pé bí eṣinṣin bá fò kọjá nínú orin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí máa gbọ́. Òfin kan péré ló fún un: kó tó fọwọ́ kan orin kankan, kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn.

Àná ni Ìyá Aránṣọ, tó ń ránṣọ ládùúgbò wọn, wá kọrin. Àwọn dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀fun, wọ́n sì ti sọ fún un pé ohùn rẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Orin tó fi tọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin dàgbà ló fẹ́ kó wà nílẹ̀. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni ọkọ̀ máa wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n Elétí-Ehoro ti fọ́nnu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé pé òun máa mú orin tí òun fọwọ́ ara òun tún ṣe wá. Wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé okùn máìkì nìkan ló ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká ní situdíò. Nígbà tó wá gbọ́ bí Ìyá Aránṣọ ṣe ń mí láàárín orin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀ gì, gì, gì, ó ní ìdọ̀tí nìyẹn. Ó ń gé e, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fá a. Ìwàǹwára kò jẹ́ kó rántí ẹ̀dà. Orí ojúlówó orin náà ló tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí, ìyẹn sì pa á rẹ́. Kò sí ibi tó lè wá èyí tó nù sí mọ́.

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ó gbọ́ orin náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló ṣe é?"

"Iná ló lọ lójijì." Kí Elétí-Ehoro tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì burú. Ó ní bó bá jẹ́ pé iná ló lọ, ojúlówó náà ṣì máa wà níbì kan nínú kọ̀ǹpútà. Ó jókòó tì í, ó ń tú u wò láti ibì kan dé ibì kejì. Ó ní kò yẹ kí àwọn máa dẹ́rù ba Ìyá Aránṣọ nírú ọjọ́ yìí.

Agogo mẹ́ta àbọ̀ kọjá. Ó di agogo mẹ́rin. Elétí-Ehoro jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo aago. Ó mọ̀ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n òun ń wá kò sí níbẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí agogo márùn-ún bá lù, ohùn yẹn lọ nìyẹn.

"Bọ̀dá mi, ẹ má wá a mọ́. Iná ò lọ. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mi ò ṣe ẹ̀dà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú padà. Ì bá sàn bó bá pariwo.

"O wá jókòó tì mí, ò ń wò mí láti ìgbà yẹn?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó tú máìkì, ó kó okùn lé e lọ́wọ́, ó gbé kọ̀ǹpútà, eré ló kù.

Wọ́n bá Ìyá Aránṣọ níbi tó ti ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀. Elétí-Ehoro kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi irọ́ tó pa sílẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ mi lo pè ní ìdọ̀tí? Bí ẹni tó ń tẹ maṣíìnì ìránṣọ ni mo ń ṣe láìmọ̀. Ìró yẹn ni ọmọ mi fi máa ń sùn."

Ojú ti Elétí-Ehoro débi pé kò lè gbórí sókè.

Ìyá Aránṣọ tún ilẹ̀kùn ṣí. Ó jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀ gan-an, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń kọrin. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ju ti àná lọ. Nígbà tó kan ìlà tó gbẹ̀yìn, ohùn náà já, obìnrin náà kò sì lè tún un kọ. Awakọ̀ ti ń fun fèrè níta. Ẹ̀dà mẹ́ta ni Elétí-Ehoro ṣe kí ó tó dìde nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí táàmù ilé ìwé fi parí. Okùn ló ń ká, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá Aránṣọ wá gbọ́ orin rẹ̀. Ó wé ìborùn mọ́ ọrùn, kò lè sọ̀rọ̀ ju kó rọra sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí èèyàn létí. Nígbà tí orin dé ibi tí ohùn ti já, ó di ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ gì, gì, gì. Orin náà kò dára tó ti àkọ́kọ́. Elétí-Ehoro mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ẹni tó fà á.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Àmọ́ ká ní ẹ̀yìn agogo márùn-ún ni òtítọ́ Elétí-Ehoro dé, kí ni ì bá bá nílẹ̀? Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá ṣe é, kó tètè sọ ọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà.