Káàdì Abẹ́rẹ́ Jagunlabí

"Ajá wa ló máa kọ́kọ́ wọ bàálù ní gbogbo àdúgbò yìí!" Ọ̀yàyà ń pariwo, ó ń jó yí àgò tuntun tí wọ́n rà fún Jagunlabí ká. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì, ti ríṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n gbéra, inú ọmọ náà sì ń dùn ṣìnkìn.

Ìgbà tó mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá náà láti fi sínú fáìlì ni àyà rẹ̀ já pà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kí ajá tó lè wọ ìlú tí wọ́n ń lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù ni ìyá rẹ̀ ní kó gbé e lọ gbabẹ́rẹ́. Àríyá ìdágbére àwọn ọ̀rẹ́ kò jẹ́ kó lọ àfi lọ́jọ́ kọkànlá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni ìrìn àjò.

Nígbà tó wá sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń di ẹrù, ìyẹn bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn lo torí ẹ̀ fajú ro? Fi bíléèdì ha ọ̀kan kúrò lára 11 yẹn, ó ti di 1 nìyẹn. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Ọ̀yàyà mú bíléèdì, ó fi kan ìwé. Jagunlabí wá gbórí lé e lẹ́sẹ̀, ó ń jùrù. Bí àṣírí bá tú, ajá yìí ni wọ́n máa tì mọ́lé. Ó ju bíléèdì nù, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣe nǹkan tí ò dáa."

Nígbà tó rò ó tán, ìyá rẹ̀ lanu. "Ìwọ tí omi kì í pẹ́ lẹ́nu ẹ, èyí lo wá rí pamọ́! Ó dáa, ajá ò bá wa lọ mọ́. Bàbá ẹ tó fẹ́ dúró parí iṣẹ́ káfíńtà ló máa mú un bọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀."

Ọ̀yàyà sunkún wọ bàálù. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìkùukùu nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, kò padé mọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀lé e, òun àti ìyá rẹ̀ ń wo bàbá rẹ̀ àti ajá náà látẹ̀yìn gíláàsì ní pápákọ̀ òfuurufú ìlú tuntun wọn. Òṣìṣẹ́ kan yẹ káàdì wò, ó wá gbé fóònù. Ọ̀yàyà fi iwájú orí ti gíláàsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òṣìṣẹ́ náà tó lu òǹtẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé àgò jáde sí wọn, tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, Jagunlabí fò mọ́ Ọ̀yàyà, ó gbé e ṣubú yakata, ó ń lá a lójú.

"Ilé ìwòsàn ẹranko wa ni wọ́n pè," ni bàbá rẹ̀ wí. "Wọ́n ní kí wọ́n ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ látinú ìwé tiwọn. Gbogbo ajá ni wọ́n ń ṣe é fún."

Ìyá rẹ̀ wo Ọ̀yàyà. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tìẹ ì bá má tó ọjọ́ kan. Ìpè kan ṣoṣo ni àṣírí ì bá fi tú."

Ọ̀yàyà di ajá rẹ̀ mú gbágbá. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́ ni, kó má fi irọ́ bò ó, torí ohun tí òtítọ́ bá dá dúró díẹ̀, irọ́ lè gbà á lọ pátápátá.