Nígbà Tí Wọ́n Gbé Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Gene Sókè

Kábéèjì ń jóná lórí sítóòfù Bernadine Hudak láàárọ̀ Sátidé yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń rò ó. Bernadine tó gbé e kaná ti gbàgbé rẹ̀. Inú gáréèjì ló wà, ó dúró gbagidi, ó ń wo ọkọ̀ pupa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìyá tó ń wo ọmọ tó ti ìrìn àjò dé.

Eugene, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gene, kú lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Ọkọ̀ ọdún 1970 yìí ló fi sílẹ̀: ilẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì ràgàjì, ariwo tó lè jí òkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn panápaná àdúgbò fẹ́ pàtẹ ọkọ̀ àtijọ́ níwájú gbọ̀ngàn wọn nísàlẹ̀ òkè, létí odò, wọ́n sì ti fi ààyè iwájú sílẹ̀ ní ìrántí Gene. Craig, ọmọ Gene, ló máa wà á lọ. Bernadine ló máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó máa ń jókòó nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti wálẹ̀ jù lójú rẹ̀. Ọkọ̀ Gene tó mọ̀ a máa gbé ìdí sókè bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo jẹ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọdún 1974, nígbà tí ilé iṣẹ́ irin ṣì ń yọ èéfín tọ̀sán-tòru, tí àwọn ọmọkùnrin ń fi táyà fàkìàfakia sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí táyà náà lè ráyè. Ayé ìgbà náà dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì jókòó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì rí, ẹ kú àìmọ̀.

Craig, tó ti ìlú Columbus wá, ti ra ṣọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́ méjì, irú èyí tí wọ́n ń fọn bíi táyà kó lè ti ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Ó ti dè wọ́n tán. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ó tó báyìí, Ántì?"

"Ó kù díẹ̀. Fọn ọ́n sí i. Bàbá rẹ ò ní ọkọ̀ tó ń tẹríba fún ẹnikẹ́ni."

"Iwájú rẹ̀ gan-an ló ti ń dọ̀bálẹ̀ báyìí o!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ń ga sí i, omijé sì dé ojú Bernadine. Bí ẹni pé Gene máa jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni, kó ní, "Bernie, wọlé ká lọ."

Stush Wojcik ló wọlé dípò Gene. Ọ̀rẹ́ Gene ni láti kékeré, ó sì ti ń bá àwọn panápaná ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti ìgbà tó ti jáde iléèwé. Oúnjẹ tí Bernadine ṣèlérí fún gbọ̀ngàn ló wá gbà.

"Bernie, kí ló ń jóná nílé rẹ? Ṣé kí n lọ gbé ọkọ̀ panápaná wá ni?"

Bernadine kígbe, ó sáré wọlé lọ pa iná. Nígbà tó máa fi padà dé, ẹ̀rín ti kúrò lójú Stush.

"Craig, ṣé o wo ibi tí o dè é mọ́ dáadáa?"

"Ibi tí ti àtijọ́ wà náà ni, Ọ́ńkù. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú."

"Kó wọ̀ ọ́ wẹ́kú ò ní kó lè gbé e."

Inú bí Bernadine. "Stush, ta ló fi ọ́ jọba lórí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi? Mo fẹ́ kó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lónìí nìkan. Ṣé ìyẹn náà ti pọ̀ jù?"

Stush wò ó. "Ó dáa. Kí ló dé tí Gene fúnra rẹ̀ fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà yẹn?"

Kò sẹ́ni tó bi Gene rí.

Craig ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé e sókè, ó sì fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó. Stush dì í lẹ́wù mú. "Ibo lò ń lọ? Gbígbé ni jáàkì ń gbé ọkọ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ti fa èèyàn jáde lábẹ́ ọkọ̀ rí, mi ò fẹ́ fa ọmọ Gene." Ó dí táyà iwájú nígi, ó ki irin ìdúró méjì sábẹ́ irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀, ó mi ọkọ̀ náà títí tó fi dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ní kí Bernadine wá wò ó fúnra rẹ̀.

Arábìnrin náà ráhùn nítorí orúnkún rẹ̀, àmọ́ ó dùbúlẹ̀. Stush tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti wọnú irin. Wọ́n ti jó irin mìíràn lé ibẹ̀ nígbà kan, ó rí kókó-kókó bí ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa.

"Ta ló jó èyí?" Stush béèrè.

Bernadine ò tilẹ̀ ronú. Gene ló jó irin àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, kókó-kókó kan náà nìyẹn. "Ọwọ́ Gene ni."

"Wá wo etí rẹ̀."

Ìlà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó ń dán, nígbà tí gbogbo ìyókù ti dípẹtà. Irin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya láàárọ̀ yẹn.

"Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù ọkọ̀," Stush wí. "Ti ṣọ́ọ̀kì ni kó má jẹ́ kó máa fò sókè-sódò. Ẹ wá fọn ọ́n títí, ẹ gbé ẹrù lé ẹni tí wọn ò gbà síṣẹ́ alárù. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín sì ti jẹ irin yìí. Ẹ tún wo rọ́bà yẹn, òun ló ń gbé òróró bíréèkì lọ sẹ́yìn. Ó ti le tantan bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò kan, rọ́bà náà lè já. Orí òkè yìí lẹ sì fẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀."

Craig pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Stush ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọdún 1975, òjò ń rọ̀, èmi àti Gene ń sọ̀ kalẹ̀ níbí. A kàn gbọ́ gbàù! Ṣọ́ọ̀kì ti ya irin, ó ti yọrí sínú búùtù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yí wá síwájú. Ògiri ilé àwọn Palko, ará àdúgbò wa, ló dá wa dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gene jó irin yìí lé e, tó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bernie, ìjókòó rẹ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà. O ní orí ń fọ́ ọ, o ò wá."

Bernadine rántí. Ó rántí pé gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni Gene ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tó ní àwọn kan ń kun ọkọ̀ òun lọ́dà.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó ní o máa lọ sọ fún Màmá yín."

"Mo máa sọ fún un lóòótọ́!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ọkọ̀ gíga tí Bernadine ti ń ṣàárò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ọdún kan péré ló fi ga. Ọkọ̀ tó wálẹ̀ yìí ló gbé e lọ ṣègbéyàwó. Òun ló gbé ìyá wọn lọ sílé ìwòsàn àti padà, fún ọdún méjì gbáko. Ó dùn ún pé òun ti pe èyí tó tọ́jú wọn ní àbùkù.

Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fọn afẹ́fẹ́. Ó ṣe ṣìì, ọkọ̀ náà sì rọra wálẹ̀.

"Ṣé a lè máa lọ báyìí?" Craig béèrè.

"Rárá o," Stush dáhùn. "Irin tó ti ya ti ya. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí wẹ́dà gidi bá tún un ṣe."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ̀ Gene gùn dé gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ Gene ti di ọ̀lẹ. Bernadine ò bínú. Ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó sì ń fi ibi tó ya han ẹni tó bá sún mọ́ ọn, títí àwọn ọkùnrin fi ń yọ́ lọ sídìí ọkọ̀ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè o. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún gíga náà ni kí ẹ fi gbé e, kó má sì ga kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì ṣe alárù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ irin tí ẹ dè é mọ́ wò fún ìpẹtà, kó wò ó bóyá rọ́bà bíréèkì gùn tó, kó sì tún iná iwájú tò, torí bí ẹ̀yìn bá ga, ilẹ̀ ni iná á máa wò. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi Bernadine lọ́jọ́ náà pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí wálẹ̀ tó báyìí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n lè dàgbà."