Ìdáhùn Inú Páìpù

Kì í ṣe àhesọ o. Omi tó ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ lórí òkè yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ fọwọ́ kàn án.

Ẹnjiníà obìnrin kan ló ṣẹlẹ̀ sí, lọ́sàn-án gangan. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ri páìpù tó ń gbé omi lọ sí àdúgbò orí òkè mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà kì í la ẹnu lẹ́nu iṣẹ́, torí òwú tó fi ń wé ẹnu páìpù máa ń wà láàárín eyín rẹ̀. Bí èèyàn bá kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́," sípánà ló fi ń dáhùn lára páìpù: kó... kó-kó.

Páìpù gbó, omi ò dé òkè mọ́. Ìyá Ẹnjiníà ń gbé níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò sì lè ru korobá mọ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́ omi ti fọwọ́ sọ̀yà: bí àyẹ̀wò ọjọ́ yẹn bá kùnà, wọ́n á hú páìpù náà dànù, kí ará òkè gbàgbé omi.

Nínú yàrá ẹ̀rọ, Ẹnjiníà gbé ọ̀pá gíláàsì oníhò méjì nàró lórí páìpù, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà níbi tí omi ti ń wọlé, èkejì lápá fèrèsé níbi tó ti ń jáde lọ sí òkè. Bí omi bá ń kọjá nísàlẹ̀, á gun inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Omi ti fèrèsé ló máa ń kúrú jù. Bó bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí inú páìpù gbà lọ́wọ́ omi ṣe pọ̀ tó.

Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń ti omi lọ sí òkè. Ti fèrèsé ò tó ìdajì ti ẹnu ọ̀nà.

"Inú rẹ̀ ti rí gbágungbàgun," Ọ̀gá wí. "Ó ń fa omi sẹ́yìn. Jẹ́ á pa á."

Ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Omi inú ọ̀pá méjèèjì wálẹ̀. Ọkàn Ẹnjiníà bàjẹ́ gan-an. Ó gbé ọwọ́ lé páìpù, ó kí i bí ẹni ń kí òṣìṣẹ́ tó ti ṣe tiẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́."

Kó... kó-kó.

Ọ̀gá wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti kú. "Ṣé ìwọ lo kàn án?"

"Ọwọ́ mi rèé, sà."

Páìpù ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀pá ẹnu ọ̀nà. Ti fèrèsé tẹ̀ lé e. Ó bá a dọ́gba. Kò dúró. Ó ga jù ú lọ.

"Kò ṣeé ṣe," Ọ̀gá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Páìpù kì í fún omi lágbára."

Fóònù dún. Ìyá Ẹnjiníà ni.

"Omi ti dé o! Ó ń ya gbùúgbùú! Gbogbo àdúgbò ti gbé báàfù jáde!" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lójijì. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń kan páìpù nínú ilé mi?"

"Ẹ kí i, Màámi."

Ìyá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, olówó orí mi."

Nínú fóònù àti lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Ẹnjiníà, ìdáhùn náà dún pọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ariwo ayọ̀ ará òkè dé yàrá ẹ̀rọ. Ó ti borí! Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ híhú páìpù mọ́.

Wọ́n ti tún un wọ̀n láìmọye ìgbà. Omi ọ̀pá fèrèsé ti padà kúrú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú ìṣirò, omi yẹn ò gbọ́dọ̀ dé òkè. Ó ń dé.

Ọ̀gá ní afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù. Ṣùgbọ́n kó tó wọ yàrá yẹn báyìí, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ìgbà tí wọ́n bá dá a lóhùn ló tó ń wọlé.