Fídíò Tó Kọ̀ Tí Kò Parẹ́

Apòògùn ilé ìwòsàn náà ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ló rí i pé ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ló bá yọjú. Bàbá ọlọ́dẹ ló rí nílẹ̀, wọ́n nà gbalaja síbi àgbékà onírin tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ sí, ẹ̀jẹ̀ orí wọn ti ṣàn dé abẹ́ tábìlì. Wọ́n ṣì ń mí, àmọ́ wọn ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ.

Nígbà tí obìnrin tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà fi máa dé, wọ́n ti gbé bàbá lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọlọ́pàá ló bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀kan wà nínú báàgì rẹ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń pè ní Akọ̀wé láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ló bá a wáṣẹ́ síbẹ̀.

Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè. Apòògùn ló kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

"Ǹjẹ́ nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ níbí tẹ́lẹ̀ tó kọ yín lóminú?"

"Oògùn ìrora tó lágbára ń pòórá ní yàrá oògùn, ọ̀gá. Bàbá ọlọ́dẹ ní káwọn máa bá mi ṣọ́ ọ." Apòògùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Aṣebi kú ara ifu, ẹni náà ò ní lè sinmi."

Ojú Àwòdì yíjú sí alábòójútó. "Màdáámù, kámẹ́rà wà lókè ilẹ̀kùn yìí. Ẹ bá mi wá ohun tó ká sílẹ̀."

Obìnrin náà jókòó. Ó ṣí ibi tí fídíò máa ń wà, ibẹ̀ ṣófo fọ́ọ́.

"Wọ́n ti pa á rẹ́, ọ̀gá."

"Ta ló lè pa á rẹ́?"

"Èmi àti igbákejì mi. Àwa nìkan la mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé."

"Níbo lẹ wà nírọ̀lẹ́ àná?"

"Ilé ni mo wà, èmi àtàwọn ọmọ mi."

"Ta tún ló rí yín, yàtọ̀ sáwọn ọmọ?"

Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Akọ̀wé ń wọlé bọ̀ lọ́wọ́, ó rọra ń tiro, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sáré dé. "Màdáámù, ẹ gbà wá! Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kò sáyè mọ́. Dókítà fẹ́ mọ oògùn tí ara bàbá kì í gbà kí wọ́n tó kùn wọ́n lóorun, a ò sì lè ṣí àkọsílẹ̀ wọn!"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo wọn so mọ́ yìí ká tún un tàn," ni Akọ̀wé wí. "Kíá ló máa yanjú."

"Ọ̀rọ̀ tí à ń bá màdáámù sọ ńkọ́?" ni Ojú Àwòdì bi í.

"Ọ̀gá, ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ọwọ́ obìnrin náà ti ń lọ síbi bọ́tìnnì ìpa. Ṣùgbọ́n ètò Linux ló ń darí ẹ̀rọ náà, obìnrin náà kì í sì í pa á láìmọ ohun tó ń ṣe é. Ó bi ẹ̀rọ léèrè bí ibi ìpamọ́ ṣe kún tó. Ó kún dẹ́nu. Ó wá ní kó ro gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀ pọ̀: wọn ò tó ìdajì rẹ̀.

Ó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kí lẹ rí?" ni Ojú Àwòdì bi í.

"Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò lórúkọ mọ́, ọ̀gá. Bí èèyàn bá pa fáìlì rẹ́ nígbà tí ètò kan ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló lọ. Ara rẹ̀ ṣì wà, á sì máa gba àyè títí ètò yẹn á fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ètò kámẹ́rà ò sì tíì dáwọ́ dúró láti àná."

"Fídíò yẹn ṣì wà?"

"Ó wà. Àmọ́ bá a bá pa ẹ̀rọ yìí pẹ́nrẹ́n, ó di àwátì."

"Àǹtí!" Akọ̀wé lọgun. "Bàbá ń kú lọ, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fídíò! Ẹ pa á, mo ní kẹ́ ẹ pa á!" Ó fò mọ́ wáyà iná tó wà lára ògiri.

Obìnrin náà fi ara rẹ̀ dí i. Kò rí irú ojú yẹn rí lára àbúrò ọkọ rẹ̀. "Akọ̀wé, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ọlọ́pàá méjì ti dì í mú. Láìwẹ̀yìn, obìnrin náà nu àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò nílò kúrò lórí ẹ̀rọ. Àyè yọ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kígbe láti ọ̀ọ̀dẹ̀ pé àkọsílẹ̀ bàbá ti ṣí.

Ojú Àwòdì dúró síwájú Akọ̀wé. "Màdáámù yìí ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ ká ní òun ni, ì bá ti pa ẹ̀rọ nígbà tó o bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ìwọ tó o mọṣẹ́, o ò wo ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, pípa nìkan lò ń pariwo. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù ni pé láti ìgbà tó o ti dé, o ò bi ẹnikẹ́ni ohun tó ṣe bàbá. O ti mọ̀."

Akọ̀wé yíjú sí obìnrin náà. "Láti ìgbà tí mo ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni mi ò ti lè sùn láìsí oògùn yẹn. Bàbá rí mi bí mo ṣe ń jáde, wọ́n sì tẹ̀ lé mi débí. Mo kàn tì wọ́n ni. Mi ò mọ̀ pé irin wà lẹ́yìn wọn. Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Ẹ rántí bọ̀dá mi."

Obìnrin náà kọjú sí ẹ̀rọ. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Màdáámù, ṣé ká wá ẹlòmíì tó máa yọ fídíò náà?" ni Ojú Àwòdì fi pẹ̀lẹ́tù béèrè.

"Kò sẹ́lòmíì, ọ̀gá."

Ó wá ibi tí ètò kámẹ́rà di fáìlì náà mú sí, ó sì ní kí ẹ̀rọ dà á kọ. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú báàgì, ọkọ rẹ̀ ló ń pè. Ó jẹ́ kó dún títí fídíò fi dà kọ tán. Lẹ́yìn náà ló gbé e.

"Dádì," ló wí, "ẹ jókòó ná."