Oògùn Kì í Ṣe Ẹja Dídì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú aránṣọ kan ṣe dùn tó, kó fetí sí máṣíìnì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ti Ìyá Aránṣọ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti wọ oṣù ìbímọ, ìyá sì ti búra pé aṣọ tí ọmọ tuntun náà máa kọ́kọ́ wọ̀, ọwọ́ òun ló máa rán an, títí dórí bọ́tìnnì.

Ẹ má fojú kéré ìbúra yẹn o. Lọ́dún tó kọjá, ìka rẹ̀ wú, ó le gbagidi, kò lè di abẹ́rẹ́ ìránṣọ mú. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa lé àìsàn, ló yíjú padà tí wọ́n ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Ó fún un ní oògùn tó ń pẹ̀tù sí wọn: abẹ́rẹ́ kan tó rí bíi bírò, tí òun fúnra rẹ̀ ń gún nílé. Ni ìka bá padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Bàbá wọn o!" ó pariwo láti ibi fíríìjì. "Òní ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi. Ta ló gbé oògùn mi?"

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Yìnyín nítorí ẹja dídì tó ń tà níwájú ilé, yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

"Èmi ni. Fíríìjì yẹn kàn ń fẹ́ atẹ́gùn lásán ni. Mo ti gbé e sínú fírísà mi láti àná. Ohun tó wọ fírísà mi, bàjẹ́ kẹ̀?"

Ó fa páálí oògùn náà yọ láàárín ẹja. Páálí ti rin, ó ń rùn. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti dì gbagba.

"Háà! Ṣé yìnyín ni mo fẹ́ gún ni?"

"Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́? Omi ti ń hó lórí iná. Bí mo ṣe máa ń yọ́ ẹja náà ni mo ṣe máa yọ́ ọ."

Ó ti bu omi gbígbóná sí abọ́ nígbà tí ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ dúró! Ẹ má rì í bọ omi!"

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wọn ni, tó wá ra ẹja.

"Oògùn tó bá ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó yọ́, tó mọ́ gaara bí omi òjò, ó ti bàjẹ́ náà ni. Ojú lásán ò lè rí i. Inú fíríìjì ni ilé rẹ̀. Kì í ṣe fírísà, kì í sì í ṣe inú oòrùn."

"Fírísà mi?" Ọ̀gá Yìnyín ní, bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. "Èyí tí mo fi ń tọ́jú ẹja fún odidi oṣù?"

"Bàbá, ẹja ti kú kó tó débẹ̀. Oògùn ṣì níṣẹ́ láti ṣe."

Ìyá Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo aṣọ kékeré tí kò tíì ní bọ́tìnnì. Ẹ̀rín gbẹ.

"Bí ìka mi bá tún wú ńkọ́? Ọmọ ń bọ̀ o."

"Ìyàwó mi, mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. Ìrànlọ́wọ́ yín ló tutù jù."

Nọ́ọ̀sì ti ń pe ilé ìwòsàn. "Òmíràn wà! Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání kí wọ́n fi ojú rí i."

Kí ó tó panu mọ́, Ọ̀gá Yìnyín ti gbé kúlà rẹ̀, ó ń da yìnyín sí i.

"Bàbá!"

"Mo ti gbọ́! Yìnyín nísàlẹ̀, tówẹ̀lì tó nípọn láàárín, oògùn lókè nínú páálí rẹ̀. Wọn ò ní fara kanra. Bí mo ṣe ń gbé ẹja fún oníbàárà tí kò fẹ́ kó dì nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ wa!"

Nígbà tí àwọn àti nọ́ọ̀sì gba òmíràn nílé ìwòsàn padà dé ilé, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tuntun sórí tábìlì fún bí ìdajì wákàtí kí òtútù ara rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ìyá Aránṣọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó yẹ ọjọ́ tí agbára oògùn náà máa tán wò, ó wo oògùn inú rẹ̀ bóyá ó ti yí àwọ̀ padà.

"Ṣé kò sí ibà, ikọ́ tàbí egbò tó ń ṣọyún?" nọ́ọ̀sì béèrè. "Bó bá wà, dókítà lẹ máa kọ́kọ́ pè, torí oògùn yìí ń dín agbára ọmọ ogun ara kù."

"Ara le koko!" Itan ọ̀tún ló gún nígbà tó kọjá, ló bá gún ti òsì. Kò fọwọ́ ra ojú ibẹ̀.

"Orúnkún mi náà ń dùn mí," Ọ̀gá Yìnyín ní. "Ṣé ẹ ò lè fún mi ní díẹ̀?"

"Bàbá, ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún nìkan ló ni í. Kì í ṣe ẹja tí wọ́n ń bù fún aládùúgbò."

Wọ́n ju èyí tí wọ́n ti lò sínú ike líle tó ní ìdérí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó, títí wọ́n á fi dá a padà sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ dé. Obìnrin ni, ariwo rẹ̀ ju ti máṣíìnì lọ. Bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ, gbogbo wọn ló sì dúró ṣinṣin. Bàbá àgbà ti lẹ ìwé mọ́ ara fírísà: ẸJA NÌKAN!

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú oògùn yìí nílé, mo ń bá yín wí lójúkojú. Ẹ fi sínú fíríìjì nínú páálí rẹ̀, kó jìnnà sí ibi tí yìnyín ń dì. Ẹ má mì í, ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni. Bí iná bá lọ pẹ́, tàbí tó bá dì, ẹ má méfò. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó gbé omi kaná.